Pápá jack pine ní Grayling àti Mio: báwo la ṣe máa rí Kirtland's Warbler nígbà ìrúwé?

Ọmọ Ọlọ́dẹ béèrè:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹyẹ wíwò dunjú. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gbéra láti Detroit lọ sí Grayling, ní apá àríwá Michigan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Karùn-ún. Kirtland's Warbler, ẹyẹ kékeré olórin kan, la torí rẹ̀ ń lọ. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì la máa débẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà ilé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, torí náà òwúrọ̀ méjì péré la ní.

Mo ti kà á pé pápá gbalasa oníyanrìn ló ń gbé, níbi tí igi jack pine (irú igi páìnì kan) kéékèèké bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo máàpù, jack pine ló kún ibẹ̀ láti Grayling títí dé Mio. Èwo nínú ẹ̀ ni ká dúró sí? Aago mélòó ló yẹ ká ti wà níbẹ̀? A ní awò olójú méjì kan, 10x42 (ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá), àti kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ 400 mm. Ṣé ìyẹn tó, àbí ká wá awò ńlá olójú kan tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta? Ọkọ̀ wa kì í ṣe jíìpù o, ọkọ̀ kékeré lásán ni. Àwọn ẹyẹ mìíràn wo ló sì yẹ ká fetí sí nínú irú pápá bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ọ̀rọ̀ yé wa.

Bàbá Àwòdì fèsì:

Ẹ kú ìmúra. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ mú dáa. Àwọn akọ ló ń kọ́kọ́ ti Bahamas dé, láti bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Àwọn abo a tẹ̀ lé wọn ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, akọ kọ̀ọ̀kan ti gba ilẹ̀ tirẹ̀, orin ló sì fi ń ṣọ́ ọ. Wọn á máa kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí di òpin oṣù Kẹfà. Tí oṣù Keje bá ti wọlé dáadáa, wọn á dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ o, àmọ́ èèyàn lè kọjá lára ogún wọn láì mọ̀.

Oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago 6 níbẹ̀ lásìkò yẹn. Aago 6 yẹn ni kí ẹ ti dúró sójú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wò, kì í ṣe pé kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà náà sí aago 10 ló dáa jù. Lẹ́yìn ìyẹn, atẹ́gùn á gbéra, á máa gbé orin wọn lọ. Yanrìn náà á gbóná, ooru rẹ̀ á máa jó lójú awò bí èéfín, débi pé gbogbo ẹyẹ tó bá jìnnà á máa gbọ̀n rìrì. Kò sí awò olówó ńlá tó lè wo ìyẹn sàn.

Ibi tí ẹ máa lọ: tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ fi òwúrọ̀ Àbámẹ́ta tẹ̀ lé amọ̀nà. Michigan Audubon, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹyẹ, máa ń ṣètò rẹ̀ láti Hartwick Pines State Park, tó wà ní àríwá Grayling. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn kí ẹ tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì, torí ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ àti iye tí wọ́n ń gbà kì í dúró sójú kan. Ọkọ̀ tó bá máa wọ pákì ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní Recreation Passport, ìyẹn àṣẹ ìwọlé. Amọ̀nà lè má mọ ẹyẹ jù yín lọ rárá. Ohun tó mọ̀ ni oko tí igi rẹ̀ pé ọjọ́ orí tó yẹ lọ́dún yìí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní òwúrọ̀ Àìkú, ẹ dá lọ sí ìhà Mio. M-72 ni ọ̀nà, ó lé díẹ̀ ní 30 máìlì sí ìlà-oòrùn Grayling.

10x42 yín ò burú, àmọ́ 8x42 ló yá jù fún pápá yìí: ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n nínú rẹ̀, ibi tó ń gbà sójú sì fẹ̀ jù, ẹ ò ní pẹ́ bá ẹyẹ tó bá sọ kúrò lórí igi kan bọ́ sí òmíràn. Ní ti awò ńlá, bí ẹ bá lè rí èyí tí ẹ máa yá, ẹ yá a. Ojú ọ̀nà lẹ máa dúró sí, ẹyẹ á sì wà ní 50 sí 100 mítà lórí ṣóńṣó igi. Ẹ fi í sí 25x tàbí 30x, kí ẹ má dé 60x nítorí ooru tí mo sọ yẹn. Lẹ́ǹsì 400 mm á fún yín ní àwòrán ẹ̀rí, kò ní fún yín ní àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wọ inú igi nítorí àwòrán ló ń ba ibẹ̀ jẹ́.

Ẹ mú súwẹ́tà àti ìbọ̀wọ́ dání. Òwúrọ̀ oṣù Karùn-ún lè tutù débi kí omi dì lórí koríko níbẹ̀, nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ kan náà á sì mú èèyàn làágùn.

Ìyá Ẹ̀ga fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú "èwo nínú ẹ̀" yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo jack pine ni ẹyẹ yìí kà sí ilé. Èyí tó wà láàárín bí ọdún 5 sí 20 ló fẹ́, tó ga tó mítà kan ààbọ̀ sí mítà 5. Oko náà sì gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bí kò bá tó éékà 80, ó ṣọ̀wọ́n kí akọ kan tó jókòó síbẹ̀.

Ilẹ̀ ni ká wò tí a bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, torí ilẹ̀ ló ń kọ́ ìtẹ́ sí. Abẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ jack pine ló máa ń wà, níbi tí koríko àti ewé blueberry bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí igi bá kéré, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn á wọ́lẹ̀ bíi yẹ̀rì tó gùn ju ìró lọ. Nígbà tí igi bá dàgbà, òjìji ara wọn á pa ẹ̀ka ìsàlẹ̀, koríko á kú tẹ̀ lé e, abẹ́ igi á mọ́ fo. Ìtẹ́ ò ní ibi tó máa fara pamọ́ sí mọ́. Ẹyẹ á kó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú èèyàn, igi ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lẹ́wà ni.

Yanrìn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Grayling sand ni wọ́n ń pè é. Omi òjò kì í dúró lórí rẹ̀, kíá ló ń wọlẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìtẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í fi í kún fún omi. Ilẹ̀ amọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, bí ẹ ṣe máa mọ oko tó dáa nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo ewé. Ewé jack pine kúrú, kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4 lọ, méjì méjì ló ń so pọ̀ bí ẹni tí wọ́n so lọ́rùn, ó sì lọ́ díẹ̀. Bí ewé bá gùn ju ìka ọwọ́ yín lọ, red pine nìyẹn, ẹ máa bá tiyín lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gíga rẹ̀: láti igi tó kan yín láyà dé èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì èèyàn tàbí tó fi díẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi. Ṣé ewé tútù ṣì wà lára ẹ̀ka tó kanlẹ̀? Ṣé àlàfo koríko wà láàárín igi, àbí wọ́n kún mọ́ra bí ògiri? Àwọn tó ń gbin oko yìí máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ìlà igi tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, torí ẹyẹ náà nílò méjèèjì: ibi tó ṣú láti sá sí, àti ibi tó là láti wá kòkòrò jẹ.

Ẹni tó bá ti wo ẹyẹ nínú igbó IITA n'Ìbàdàn, tí ọrùn fi dùn ún nítorí gbígbójú sókè, á ní láti yí ìwà padà níbí. Lójú kan náà pẹ̀lú yín ni ẹyẹ á wà, nígbà mìíràn gan-an yóò rẹlẹ̀ sí yín.

Ẹ máa bá oko tó jẹ́ kùkùté igi lásán pàdé, àti èyí tí iná ti jó dúdú. Ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní ti jack pine, ọ̀nà kan náà ni eérú àti ọmọ ń gbà wá. Oje ló lẹ ojú èso líle rẹ̀ pa. Ó lè wà lórí ẹ̀ka fún ọ̀pọ̀ ọdún ní pípadé, àfi tí ooru tó tó bí ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius bá yọ́ oje náà. Láyé àtijọ́, iná igbó ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ó ń pa àgbà igi, ó sì ń tú irúgbìn wọn dà sórí eérú. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná igbó ní gbogbo ìgbà tó bá ti sọ, igi dàgbà, ẹyẹ ò rí ilé.

Ìkà tí wọ́n kà wọ́n ní 1951, akọ 432 tó ń kọrin ni wọ́n rí. Ní 1971, ó ti di 201. Ní 1974 àti ní 1987 tún ni, 167 péré ló kù. Brown-headed Cowbird dá kún un: ẹyẹ tó ń tẹ̀ lé màlúù bíi lékèélékèé tiwa, àmọ́ tó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n bá a tọ́ ọ. Ní 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pańpẹ́ fún un. Iná Mack Lake ló wá ṣe ohun tí ẹnì kan ò gbèrò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1980, iná tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó mọ̀ọ́mọ̀ dá nítòsí Mio já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó jó nǹkan bí 24,000 éékà, ó jó ọ̀pọ̀ ilé, ó sì gba ẹ̀mí òṣìṣẹ́ igbó kan. Nígbà tí igi tó hù lórí eérú yẹn fi máa tó bí ọdún mẹ́wàá, ẹyẹ ya bo ibẹ̀, iye wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lónìí, gígé àti gbígbìn ni wọ́n fi ń dípò iná níbi tó pọ̀ jù. Ní 2019, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá dáwọ́ gígé àti gbígbìn dúró fún ogún ọdún péré, ẹsẹ̀ àárọ̀ la máa padà sí, torí náà bí ẹ bá rí kùkùté, ẹ mọ̀ pé ilé ẹyẹ ọdún mẹ́fà tàbí méje sí i lẹ ń wò yẹn.

Ọmọ Ọlọ́dẹ:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ìyá Ẹ̀ga. Ọ̀rọ̀ yẹ̀rì yẹn ò ní kúrò lórí mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Bí ẹyẹ ò bá yọjú, ṣé a lè fi fóònù kọ orin rẹ̀ fún un kó lè jáde? Báwo la sì ṣe máa dá orin náà mọ̀ nínú gbogbo ariwo òwúrọ̀? Merlin, áàpù tó ń dá orin ẹyẹ mọ̀, wà lórí fóònù ìyàwó mi.

Etí Ọdẹ fèsì:

Ẹ má kọ orin fún un. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbòmíràn nìyẹn, àmọ́ níbí, èèwọ̀ ni kí ẹ kà á sí. Akọ tó bá gbọ́ orin yẹn á rò pé akọ mìíràn wọ ilẹ̀ òun. Á fi oúnjẹ sílẹ̀, á fi abo sílẹ̀, á máa wá ẹni tí kò sí. Ẹ̀yin méjì lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ mẹ́wàá tó bá kọjá lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ kan náà á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹyẹ kan náà ni gbogbo wọn sì ń yọ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni kò tiẹ̀ wúlò: ẹyẹ tó ń kọrin fúnra rẹ̀ látàárọ̀ ò nílò ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́.

Ohùn ẹyẹ yìí ròkè ju ara rẹ̀ lọ. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 14, àmọ́ láàárọ̀ tí atẹ́gùn ò fẹ́, ẹ lè gbọ́ ọ láti 400 mítà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ní kíkúrú kíkúrú, á wá máa gun òkè, á máa le sí i, títí táá fi já kúrò lójijì: *tó, tó, tó-tí, ṣí-wí-yò!* Ẹ ò gbọ́dọ̀ retí ìró wínníwínní tó ń dún bí ẹ̀fọn, bí ti ọ̀pọ̀ warbler. Ohùn tó kún ẹnu ni.

Àwọn tó lè tàn yín jẹ: House Wren náà ń sọ̀rọ̀ kíá kíá, àmọ́ tirẹ̀ ń ru gùdù bí omi tó ń hó, ó sì ń rọ́ wálẹ̀ níparí dípò kó gòkè. Northern Waterthrush jọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ omi ni ilé tirẹ̀. Bí ẹ bá dúró sórí yanrìn gbígbẹ, tí ẹ gbọ́ ohùn yẹn láti àárín igi kéékèèké, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Nashville Warbler pọ̀ níbẹ̀, apá méjì ni orin rẹ̀, ìkejì yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tínrín.

Ní ti Merlin, ẹ lò ó bí ọmọ iṣẹ́, ẹ má fi ṣe ọ̀gá. Bó bá kọ orúkọ jáde, ẹ fetí ara yín wá ibi tí ohùn ti ń wá, kí ẹ sì fojú rí ẹyẹ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kan wà tí kò hàn: bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan àpẹẹrẹ orin nínú áàpù náà, fóònù á ké e jáde sórí gbogbo oko. Ẹ yí ohùn fóònù wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má sáré. Ẹ dúró sójú kan, ẹ fojú gba ṣóńṣó igi lọ láti apá ọ̀tún sí òsì, ẹ wá èyí tí nǹkan kékeré kan ń mì lórí rẹ̀. Ẹyẹ yìí ń ju ìrù sókè sódò láì sinmi, òun ló sì máa ń tú u fó. Ẹ̀yìn akọ dà bí aró tó ti ṣá mọ́ eérú, pẹ̀lú ilà dúdú. Láti ọ̀fun dé ikùn jẹ́ ìyeyè, ilà dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Iwájú ojú dúdú, tí funfun méjì sì há ojú láàárín lókè àti nísàlẹ̀ bí àkámọ́ tí kò pàdé. Abo ò ní dúdú ojú yẹn, gbogbo ara rẹ̀ sì ṣá ju ti akọ. Palm Warbler tó ń kọjá lọ sí àríwá lóṣù Karùn-ún náà máa ń ju ìrù, àmọ́ àwọ̀ ilẹ̀ ló ní lẹ́yìn, àtàrí rẹ̀ sì pupa bí irin tó dípẹtà. Yellow-rumped Warbler ní eérú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ funfun, ìyeyè rẹ̀ kò ju àbàwọ́n díẹ̀ lọ.

Àkókó fèsì:

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré yẹn. Àwọn ọ̀nà ńlá oníyanrìn tí wọ́n ti tẹ̀ le ò ní dà yín láàmú. Èyí tó jẹ́ ojú táyà méjì péré láàárín igi ni kí ẹ sá fún, pàápàá níbi tí yanrìn bá funfun tó sì rí gúlúgúlú. Bí ẹ bá rì, ẹ má tẹ iná sí i. Bí táyà bá ṣe ń yí lójú kan ló ń gbẹ́ sàréè fún ara rẹ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ kó yanrìn iwájú táyà kúrò, ẹ tú atẹ́gùn táyà tó ń wa ọkọ̀ wálẹ̀ sí bí 20 psi, kí ẹ wá rọra padà sẹ́yìn lójú ipa tí ẹ bá wọlé. Ẹ mú ẹ̀rọ kékeré tí ń fi iná ọkọ̀ fẹ́ táyà dání kí ẹ lè dá atẹ́gùn padà kí ẹ tó dé títì. Kò sí fókánáísà lábẹ́ igi níbẹ̀ o.

Ẹ má páàkì sórí koríko gbígbẹ. Abẹ́ ọkọ̀, níbi tí sàlẹ́ńsà wà, gbóná tó láti ran koríko, igi tí ẹ sì ń wò yẹn kún fún oje. Ẹ páàkì sórí yanrìn tó mọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ a máa bọ̀ láàárín Grayling àti Mio, torí náà ẹ fi máàpù pamọ́ sórí fóònù láti ilé, kí ẹ sì bu epo nínú ìlú. Camp Grayling, ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń dánra wò, gba ilẹ̀ púpọ̀ ní àgbègbè yẹn. Bí ẹ bá rí àmì pé ẹ má wọlé, ẹ má wọlé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àmì tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀bá oko ẹyẹ ní àsìkò ìtẹ́. Ìdí kejì yẹn ò le: ìtẹ́ wà nílẹ̀, koríko bò ó, ẹ ò ní rí i títí ẹsẹ̀ yín á fi wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eégbọn ló kù. Ó pọ̀ lásìkò yẹn, irú rẹ̀ kan sì ń gbé àrùn Lyme. Ẹ fi permethrin 0.5%, oògùn tó ń pa kòkòrò, fọ́n ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé, níta gbangba, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ara aṣọ nìkan ni wọ́n ń fi í sí, kì í kan ara èèyàn, ẹ má sì jẹ́ kí ológbò sún mọ́ ọn tó bá ṣì tutù. Ara ni ẹ máa fi DEET, oògùn tó ń lé kòkòrò, pa. Tí ẹ bá ti pa á tán, ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó gbé awò, nítorí ó ń jẹ rọ́bà àti ike. Ọ̀pọ̀ awò olówó iyebíye ló ń bó lára tí olówó rẹ̀ ò mọ ohun tó fà á. DEET náà ló máa lé kantíkantí tó ń jẹ etí.

Ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ṣòkòtò náà sì jẹ́ àwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ kí eégbọn lè hàn lórí rẹ̀. Lálẹ́, ẹ yẹ ara yín wò: ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ apá, ìbàdí, ẹ̀yìn etí. Bí ọ̀kan bá ti bu yín, ẹ fi ẹ̀mú kékeré gbá a mú níbi tó ti kan ara gan-an, kí ẹ fà á jáde tààrà láì lọ́ ọ. Ẹ má da kẹrosín sí i, ẹ má fi iná sí i. Eégbọn tí wọ́n bá dà láàmú á túbọ̀ tu itọ́ sínú ara ni. Àrùn náà sábà máa ń gba ju wákàtí 24 lọ kó tó wọlé, torí náà yíyẹ ara wò lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èrè. Bí ara bá pupa tó sì ń fẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ lọ.

Ìyá Ẹ̀ga:

Bàbá Àwòdì, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yín. Kí wọ́n má fi dandan sọ pé Mio gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Atẹ́gùn ni kó pín ọjọ́ náà fún wọn. Lálẹ́ Ẹtì, kí wọ́n wo bí atẹ́gùn ṣe máa rí. Bí kò bá kọjá máìlì 10 ní wákàtí kan, ọjọ́ dídán nìyẹn, kí wọ́n fi dá lọ, torí ẹni tó dá lọ ló nílò etí jù. Bó bá ti lé ní 15, akọ á sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ẹ̀ka, orin á já. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé amọ̀nà, tó bá ṣì ní ààyè. Òjò winniwinni ò burú tó atẹ́gùn rárá.

Bàbá Àwòdì:

Mo gbà. Bí ẹyẹ ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò rẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́dẹ, ẹ béèrè àwọn ẹyẹ yòókù. Nínú igi kéékèèké kan náà, ẹ fetí sí Clay-colored Sparrow. Ológoṣẹ́ ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò jọ ti ẹyẹ: *bíììs, bíììs, bíììs*, bí kòkòrò tó há sínú agolo. Field Sparrow ń kọ bí bọ́ọ̀lù kékeré tó bọ́ sílẹ̀, tó ń ta lọ́ra lọ́ra níbẹ̀rẹ̀ tó sì ń yára sí i. Vesper Sparrow ló máa sọ kúrò lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ọkọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìrù rẹ̀ méjèèjì, funfun ni wọ́n. Brown Thrasher á gun orí igi tó ga jù, á máa sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Níbi tí igi bá ti tán tó ku koríko, ẹ wo orí òpó ọgbà fún Upland Sandpiper, ẹyẹ ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró bí ọlọ́pàá. Súfèé rẹ̀ gùn, ó gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ní oko tí iná jó láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Black-backed Woodpecker lè wà. Kò pọ̀, àmọ́ bí ẹ bá rí igi dúdú tí èèpo rẹ̀ ti ṣí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí ara igi sì hàn pupa, àkókó yìí lè ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15.

Ẹ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta kí ẹ lè jáde lálẹ́. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn aago 9. Láti ìgbà náà, Common Nighthawk á máa fò yípo lókè oko, á já wálẹ̀ bí òkúta, atẹ́gùn á sì kọjá nínú ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìró *vúùùm* bí ẹni tó fẹnu fẹ́ ìgò òfìfo. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, Eastern Whip-poor-will á bẹ̀rẹ̀, ó lè pe orúkọ ara rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láì sinmi. Ẹ rọra wakọ̀ bí ẹ bá ń padà. Wọ́n máa ń bà sórí yanrìn ojú ọ̀nà lálẹ́, ara wọn ò yàtọ̀ sí ewé gbígbẹ, ojú wọn tó tan pupa nínú iná ọkọ̀ nìkan lẹ máa fi mọ̀ pé ẹyẹ wà níwájú.